Ọwọ́ Rẹ Ni Síǹkì Rẹ̀

Ọmọ mi, nígbà tí mo wọ gáráàjì ilé rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, o rí i pé mi ò tètè jókòó. Àga wà nílẹ̀, ìyàwó rẹ ti gbé omi wá, ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sórí tábìlì irin tí o fi ń ṣe wẹ́díìnì. Mo bá ọwọ́ kan lórí rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn gidi ni, ìka márùn-ún àti àtẹ́lẹwọ́, gbogbo rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹni pé ẹnì kan ki ọwọ́ bọ epo kó tó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ lé e. Ó bá a mu rẹ́gí. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, kí ni mo lè kùn ún tí kò fi ní dógùn-ún mọ́?" Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà torí oúnjẹ ti délẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń dáhùn pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu. Ọwọ́ mi ti wá dilẹ̀ wàyí.

Ìdáhùn mi lè má dùn mọ́ ọ nínú. Kò sí ohun tí o lè kùn sójú tábìlì wẹ́díìnì lẹ́ẹ̀kan, kí o wá gbàgbé rẹ̀. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ gun òkè Màpó.

Bí èèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn, ilé olópòó ńláńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, tó wá bojú wo ìsàlẹ̀ lọ sí apá Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, òrùlé ló máa rí lọ salalu, òrùlé tó ti pọ́n. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní ó rẹwà. Ojú wẹ́dà ni èmi fi ń wò ó. Páànù yẹn kò pọ́n nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ igi àjà; ó ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi. Irin tín-ín-rín ni, wọ́n rì í bọ inú síǹkì tó ti yọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, irin inú rẹ̀ kò mọ̀ pé òjò rọ̀ rárá, torí síǹkì ló ń gba ìyà náà. Kódà bí nǹkan bá ha páànù lára tí irin yọjú, síǹkì ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà ló máa kọ́kọ́ jìyà kó tó kan irin. Ohun tó fà á ni pé síǹkì lawọ́ ju irin lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí omi àti afẹ́fẹ́ ń tọrọ lọ́wọ́ irin, síǹkì a ti yára yọ tirẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí síǹkì bá ná tán ni irin ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Gbogbo àwọ̀ pupa tí o ń rí láti orí òkè yẹn, sàréè síǹkì ni.

Tábìlì rẹ kò ní síǹkì. Kò sì gbọdọ̀ ní.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí ojú mi ti rí i. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà, mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu ẹ̀kọ́. Oníbàárà kan kó páìpù omi onísíǹkì wá, ó ní ká fi ṣe ẹsẹ̀ táǹkì. Òjò ń rọ̀, a bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èéfín funfun ń jáde lójú iná, ó ń fò bí òwú, ó ń bà lé mi léjìká. Ó tilẹ̀ dùn ún wò. Nígbà tó di alẹ́, otútù mú mi débi pé eyín mi ń lu ara wọn, ara mi gbóná, ẹnu mi sì dà bí ẹnu ẹni tó lá kọ́bọ̀. Ìyá mi ní ibà ni, wọ́n fún mi lágbo mu. Nígbà tí ara mi yá, gbogbo ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbo. Àgbo kọ́. Àìsàn èéfín síǹkì ni. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá fà á símú ló máa ń dé, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Títí dòní, àwọn wẹ́dà ṣì ń mu mílíìkì lé èéfín yẹn lórí. Mílíìkì dára, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ikùn ló ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró sì ni èéfín wà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé irin onísíǹkì ni kí o fi ṣe ojú tábìlì kó má baà dógùn-ún, kò tíì jókòó ti tábìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dà náà kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ lójú tábìlì. Iná wẹ́díìnì gbọ́dọ̀ gba inú iṣẹ́ rẹ kọjá sínú tábìlì, kó gba ibi ẹ́ẹ̀tì padà sínú ẹ̀rọ. Ọ̀dà sì ń dí i lọ́nà. Iná a máa ta pàràpàrà, kò ní dúró sójú kan, ọ̀dà a máa jóná sí ọ nímú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àpá dúdú ló máa kún ibẹ̀, ìpẹtà á sì máa rá lábẹ́ ìyókù ọ̀dà níbi tí ojú rẹ kò tó. Ẹsẹ̀ tábìlì, abẹ́ rẹ̀, gbogbo ibi tí iná kì í dé, kùn wọ́n dáadáa: púráímà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ nìkan ni kí o fi sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Irin tó wà ní ìhòòhò, tí kò ní síǹkì, tí kò ní ọ̀dà, ta ló máa wá bá a gba ìyà? Ìwọ ni. Ọwọ́ rẹ ni síǹkì rẹ̀.

O ka sáyẹ́ǹsì nílé ìwé ju èmi lọ, nítorí náà o mọ ìṣó mẹ́ta inú ìgò mẹ́ta. Ìgò kan gbẹ féú, oògùn tó ń fa omi mu ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kejì ní omi tí wọ́n sè kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, tí wọ́n wá da òróró lé lórí kí afẹ́fẹ́ má baà padà wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní omi lásán, afẹ́fẹ́ sì ń dé ibẹ̀. Ìṣó inú ẹ̀kẹta nìkan ló dógùn-ún. Tíṣà yín kọ ọ́ sójú pátákó, ẹ dà á kọ, ẹ gba máàkì, ẹ lọ sílé. Ó yẹ kí ìṣó yẹn ṣì máa gún ọ. Omi nìkan kò tó, afẹ́fẹ́ nìkan kò tó. O kò lè lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú gáráàjì, torí ìwọ náà ń mí. Omi ló kù tí o lè bá jà. Bí iyọ̀ bá sì wà láàárín àwọn méjèèjì, iṣẹ́ tí ìpẹtà ìbá fi oṣù kan ṣe, ọjọ́ mélòó kan ti tó o.

Níbo wá ni omi ti ń dé orí tábìlì rẹ? O sọ fún mi pé òrùlé kò jò. Òótọ́ ni, mo gbójú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n mú píọ̀ wọ́tà kan kúrò nínú fìríìjì, gbé e sórí àga, lọ gba ìpè kan, kí o padà wá. Àga ti tutù. Ọ̀rá náà kò lu. Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin fara kan ohun tó tutù, ó sì bọ́ ẹrù sílẹ̀. Tábìlì rẹ ń ṣe bíi píọ̀ wọ́tà yẹn. Irin tó nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, ó wọ̀n ju àádọ́rin kìlò lọ. Ẹrù ńlá ni. Bó bá tutù lóru, kì í tètè gbóná láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ ti ń gbóná, irin ṣì ń sùn nínú òtútù alẹ́. O ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì ní aago mẹ́jọ kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé, afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún ọ̀rinrin wọlé lóòótọ́, ó sì fi ìrì kí tábìlì rẹ káàárọ̀. O kò rí i, torí ó tín-ín-rín ju ohun tí ojú ń rí. Fi ìka fà á wò.

Ọkọ̀ rẹ tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Èkó kò fẹ́ dá, o wa ọkọ̀ tí omi ń sẹ̀ lára rẹ̀ wọlé, o ti ilẹ̀kùn, o lọ sùn. Gbogbo omi ara ọkọ̀ àti ti abẹ́ táyà ni yóò gbẹ sínú yàrá yẹn. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n fẹ́ lọ. Ilé rẹ sì tún wà ní Lẹ́kkí, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Atẹ́gùn tí ẹ ń gbádùn lálẹ́ ń gbé iyọ̀ òkun bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń tò ó sórí gbogbo irin tó bá rí. Ìdí nìyí tí ẹnu ọ̀nà onírin tí mo jó fún ẹ̀gbọ́n rẹ n'Ìbàdàn fi ṣì dúró digbí, tí ti aládùúgbò rẹ tí kò tó o lọ́jọ́ orí ti ń jábọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Èyí tó ga jù ni òógùn. Òógùn ní iyọ̀ nínú. Nígbà tí o tẹ ọwọ́ lé tábìlì láti bẹ̀rẹ̀ wo ojú iṣẹ́, o fi omi àti iyọ̀ kọ orúkọ ara rẹ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kàn wá kà á ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin tó ń dán. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í, tàbí kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. A rò pé fáàrí ni wọ́n ń ṣe. A máa ń sín wọn jẹ lẹ́yìn.

Wàyí o, o lè bi mí pé ṣọ́ọ̀bù tèmi kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ògiri, ìrì ń sẹ̀ sí i, kí ló dé tí ojú tábìlì mi fi ń dán? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ló fà á. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, irin ń gorí irin níbẹ̀, a ń fà, a ń tì, a ń gbá a, iná ń mú un gbóná tí ìrì kò fi rí ibi bà sí. Ìpẹtà tó bá yọjú láàárọ̀, iṣẹ́ ti gbo ó dànù kí oòrùn tó kan àtàrí. Wo ọkọ́ àgbẹ̀ tó ń roko lójoojúmọ́, wo owú inú àgbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ìwọ ń ṣe. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni o ń wá sídìí tábìlì, bóyá pẹ̀lú ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bí kò bá sí òde. Ó kéré tán, ọjọ́ márùn-ún ni tábìlì fi ń dá wà pẹ̀lú òógùn tí o fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, má fi tèmi ṣe àwòkọ́ṣe. Tábìlì tí ń sinmi nílò ìtọ́jú ju èyí tí ń ṣiṣẹ́ lọ.

Mo rí ohun tí o ń ṣe sí i báyìí, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ ju ìpẹtà lọ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, o ń gbé ẹ̀rọ fáìlíìnì, o ń ki dísìkì bọ̀ ọ́, o ń ha á títí yóò fi dán. Fi rúlà gígùn lé e kí o wo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú tábìlì ti ń ṣe kòtò. Ìpẹtà ń jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ìwọ ń jẹ ẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ ń pín in. Tábìlì wẹ́díìnì tí kò tẹ́jú mọ́ kò wúlò fún férémù ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí o bá jó lórí rẹ̀ ni yóò máa wọ́ tẹ̀lé e. Ìpẹtà tó jẹ́ pé òkè lásán ló wà, búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí sáńpépà tí o fi òróró díẹ̀ sí ti tó o. Fáìlíìnì wà fún èyí tó ti gbẹ́ ihò.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìgbà kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí o fi ẹ̀rọ kàn án nìyí. Irin tí o rà l'Òwódé Onírin dé pẹ̀lú awọ dúdú tó fẹ́ ṣe bí àwọ̀ aró, èyí tó ti ilé iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n fi iná tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Bí awọ yẹn bá wà lódindi, ó ń bò ó díẹ̀. Bó bá ti là níbì kan, ìṣòro dé, torí ojú ibi tó là ni ìpẹtà yóò dojú kọ, tí yóò sì máa wọ abẹ́ ìyókù lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ẹ̀tì kì í mú dáadáa lórí awọ yẹn. Tìrẹ ti là káàkiri. Fi dísìkì tó ní ewé sáńpépà bó ìyókù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀rọ fáìlíìnì pamọ́.

Ohun tó kàn ni èyí tí màá fẹ́ kí o sọ di àṣà. Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, má tíì bọ́ ìbọ̀wọ́. Gbá ìdàrọ́ ẹnu iná kúrò lórí tábìlì, àti gbogbo lẹ́bú tó ń jábọ́ lára ẹlẹ́kítíróòdù. Lẹ́bú ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó ń gbé e sún mọ́ irin bí ìbora. Fi àkísà gbígbẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, àkísà kejì tí òróró díẹ̀ wà lára rẹ̀, fi gba orí rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì títí yóò fi dà bí awọ ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Kì í ṣe kí ó máa ṣàn o. Bí o bá fi ìka kàn án, kí ó yọ̀ díẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí o tó tan ẹ̀rọ, fi àkísà gbígbẹ nu òróró náà kúrò níbi tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ àti níbi tí o fẹ́ fi ẹ́ẹ̀tì há. Bí o bá jó irin lórí òróró, èéfín ni, ojú ìjópọ̀ á sì máa lu ihò wínníwínní.

Òróró wo? Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń jà, èmi náà sì ní ẹ̀gbẹ́ tí mo wà. Má lo ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, èyí tí mẹkáníìkì dà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni. Mo ti lò ó rí fún ọdún púpọ̀ kí n tó gbọ́n. Ásíìdì wà nínú rẹ̀ láti inú epo tó jóná, lẹ́bú irin wà nínú rẹ̀, kò dára fún awọ ara, èéfín rẹ̀ sì burú fún àyà. Epo pupa àti àdín ńkọ́? Ìyá mi àgbà fi àdín pa ọ̀bẹ, ọ̀bẹ náà sì tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Lórí tábìlì tó ń sinmi, epo tí a ń jẹ máa ń kan, ó ń lẹ̀, ó ń kó eruku jọ, eku ilé àti aáyán á sì máa wá bá ọ ṣe àjọyọ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo yàn. Ó mọ́, ó ṣàn, ó wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n ìgò kékeré kan ń pẹ́.

Mo rí WD-40 lórí pẹpẹ rẹ. Kì í ṣe ohun tó burú. Ní 1953 ni ilé iṣẹ́ kan ní San Diego, l'Amẹ́ríkà, ṣe é láti dènà ìpẹtà lára àwọn ohun ìjà tó ń fò. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lílé omi kúrò, ìgbìyànjú ogójì. Ìgbìyànjú mọ́kàndínlógójì ti fọ́ kí ọ̀kan tó bọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ ti wí ni: ó ń lé omi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fò lọ, èyí tó kù sílẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, kò lè ṣọ́ irin pẹ́ létí òkun. Fi lé omi tí òjò bá fẹ́ sí i, kí o wá fi òróró tẹ̀lé e. Má sì fọ́n ọn nígbà tí iná wà nítòsí.

Bí o bá fẹ́ rìnrìn àjò, bíi pé ẹ fẹ́ lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, òróró nìkan kò tó. Fi tọ́ọ̀ṣì gáàsì mú irin lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kí o fi àbẹ́là funfun fà á lórí bí ọmọ ilé ìwé tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé, kí o fi àkísà tàn án ká. Nígbà tó bá tutù, ó ti di awọ kan tí omi kò rí ibi wọ̀. Tí o bá dé, fi ọ̀bẹ onígi ha á kúrò níbi iṣẹ́.

Mo ní láti kìlọ̀ fún ọ nípa ohun mẹ́ta tó wà nínú gáráàjì yẹn, bí mi ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ìyàwó rẹ. Àkọ́kọ́ ni agolo tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n fi kẹ́míkà oníkílórínì ṣe. Bí ó bá ṣẹ́ kù lára irin tí iná wẹ́díìnì kàn án, ó lè di fósìjíìnì, gáàsì olóró tí wọ́n fi pa sójà nínú ogun 1914 sí 1918. Díẹ̀ rẹ̀ tó láti gbé èèyàn dè. Má fi fọ tábìlì, má fi fọ iṣẹ́. Ìkejì ni kẹ̀ẹ̀gì ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìwẹ̀, àti Hypo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdérí wọn kì í dí tán. Èéfín tí ń yọ́ jáde lára wọn ń mú kí sípánà àti tábìlì dógùn-ún láì jẹ́ pé nǹkan kan kán sí wọn, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé ara wọn láé. Kó wọn jáde, kó wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìkẹta ni sítóòfù kẹrosíìnì tí o ní o ń tàn láàárọ̀ òjò kí gáráàjì lè gbẹ. Ọmọ mi, lítà kẹrosíìnì kan tó bá jóná ń tú omi tó tó lítà kan sínú afẹ́fẹ́. Omi ni ọwọ́ iná náà ń bí, èéfín rẹ̀ sì lè pa ọ́ nínú yàrá tó sé. O ń fi omi gbẹ omi. Bí o bá fẹ́ kí tábìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi gílóòbù kan sábẹ́ rẹ̀, èyí àtijọ́ tó ń gbóná, kì í ṣe tuntun tó ń fi iná pamọ́. Kí irin ṣáà ti fi díẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì kò ní bà lé e. Mo mọ̀ pé iná ìjọba ló máa pinnu èyí. Nígbà tí kò bá sí, fáànù tó ń lo bátìrì sàn ju lásán lọ.

Má fi ọ̀rá bò ó. Mo rí ọ̀rá mátíráàsì tí o ká sí kọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ irin ń há ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, irin á máa làágùn nínú rẹ̀ bí ẹni wọ aṣọ òjò sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò sìmẹ́ǹtì àti páálí: wọ́n ń mu omi, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ síbi tí kò yẹ. Aṣọ òwú tó gbẹ, tí o fi igi pẹ́pẹ́pẹ́ gbé sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, ìyẹn dára.

Ẹsẹ̀ tábìlì kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páìpù oníhò ni o lò, ẹnu rẹ̀ sì ṣí nísàlẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fọ ilẹ̀ gáráàjì, omi ń wọ inú rẹ̀, inú ló ń ti jẹ ẹ́ wá síta, ọjọ́ tó bá hàn sí ọ ni yóò ṣẹ́. Jó irin kékeré dí i, ṣùgbọ́n rí i pé inú rẹ̀ gbẹ, kí o sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ títí yóò fi tutù, torí páìpù tó dí pátápátá lè bú gbàù bí iná bá ká a mọ́. Lẹ́yìn náà, fi rọ́bà táyà tẹ́ ẹ nídìí.

Èyí tó kù tí mi ò tíì sọ ni àmì róbótó mẹ́rin tó wà ní igun tábìlì lápá òsì. Mo ti mọ̀ wọ́n kí n tó jókòó. Ìdí ìgò mínírà tútù ni. Ibi tí o máa ń gbé e sí nígbà tí o bá bọ́ gọ́gù láti sinmi ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì ti làágùn síbẹ̀. Màá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé ẹbí ní Yàbá. Màá fi ìka fa ojú tábìlì náà wò. Bí mo bá sì tún bá ìgò mínírà lórí rẹ̀, èmi ni màá mu ún.